Ẹsẹ Kẹtàlá

Inú páànù bisikíìtì ni ìwé náà wà, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàbá,
ojú ewé méjìdínlógún, Gẹ̀ẹ́sì tó ki bí ẹ̀kọ tó dì.
Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìsarà,
mo ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

Ẹsẹ kẹrin ní kí wọ́n máa wọlé lọ́sàn-án, kí wọ́n máa wọlé lóru,
láì kan ilẹ̀kùn, láì kí wa pé ẹ kú ilé,
láì dúró kí obìnrin ilé róṣọ.
Wọ́n sì ń wọlé lóòótọ́.
Aago méjì òru, iná tọ́ọ̀ṣì lára ògiri yàrá mi,
bàtà ńlá, òórùn dísù, jẹnẹrétọ̀ tó ń húkọ́ bí arúgbó.
Màá dìde jókòó.
Bàbá á ní, "Sùn. Àwọn olópòó ni. Mo fọwọ́ sí i."

Mo rò pé òmùgọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́,
ogún ọdún ni mo fi rò bẹ́ẹ̀,
pé ọkùnrin tó ń wo agbọ̀n obì tó ti mọ iye inú rẹ̀
ló ta ojúlé rẹ̀ fún irin.

Kí ló wá gbé mi dé ìdí páànù?
Àwọn àkọ́kọ́ ta òpó fún àwọn mìíràn.
Àwọn mìíràn dé, wọ́n gé àgádágodo wa dànù.
Bàbá ti di ará ilẹ̀ nígbà náà.
Mo kan géètì. Máígádì, ọmọ Ìpẹru kan tí kò tíì hu irùngbọ̀n,
ní kí n kọ lẹ́tà sí Èkó. Tàbí kí n pè wọ́n.
Lábẹ́ òpó tó ń gbé ohùn gbogbo Rẹ́mọ kiri,
fóònù mi ní kò sí nẹ́tíwọ́kì.

Mo ṣí ojú ewé. Ẹsẹ kẹtàlá.
Kì í ṣe ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Yíǹkì búlúù, lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́,
ọwọ́ Bàbá, kò sí àmì kan ṣoṣo lórí ẹ̀:

Emi Onafuwa ati omo mi leyin mi
a o ni kokoro tiwa si inu ogba yi.
A ko ni toro. A ko ni duro de maigadi.
Igi obi meta wa nibe ti baba mi gbin.

Lọ́yà wọn ti fa ìlà sábẹ́ ẹ̀. Bóyá ó rẹ́rìn-ín.
Ó fọwọ́ sí i.

Ìgbà náà ni mo rántí géètì àtijọ́:
ẹ̀wọ̀n kan, àgádágodo méjì tó kọ́ ara wọn lọ́rùn,
tiwọn dúdú, tiwa pupa bí idẹ.
Ṣí tiwọn, ẹ̀wọ̀n á tú. Ṣí tiwa, ẹ̀wọ̀n á tú.
Kò sẹ́ni tó ń bẹ ẹnìkejì.
Mo ti ń wò ó bí ìdè láti kékeré.

Mo gbé páànù wọ mọ́tò lọ Ṣágámù, ẹ̀ẹ̀mẹfà.
Lọ́yà tuntun ní ohun tí a fọwọ́ kọ kì í ṣe àdéhùn.
Adájọ́ wọ gíláàsì, ó kà á sókè,
ohùn rẹ̀ ń fi gbogbo àmì tí Bàbá fò sí i:
kọ́kọ́rọ́ tiwa. A kò ní tọrọ.
Ó wò mí. "Kí ló kù níbẹ̀, Màmá?"
Mo ní, "Olúwa mi, n ò mọ̀.
Ìdí tí mo fi fẹ́ wọlé nìyẹn."

Igi méjì ti di kọnkéré.
Ìkẹta wà lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀, èéfín ti kùn ún lójú,
kò so, kò sì kú.
Mo ti wọlé tán, láì tọrọ, láì kí ẹnikẹ́ni,
kí ojú tó tì mí.
Mo padà sẹ́nu géètì, mo ní, "Ẹ kú ilé o."
Máígádì ló dáhùn.